Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kò Gbọdọ̀ Ra Ère Bí Ẹni Ra Ìkòkò

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó ṣí ojú ewé yìí kọjá. Tí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ bíríjì Sàngó, tó ní kí ẹ júwe páàkì fún òun, ibo lẹ máa júwe? Mo mọ̀ pé ẹ ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa ní, "Páàkì ibo? Ti Ìdírókò ni, àbí ti Abẹ́òkúta, àbí ti Ọ̀shòdì?" Lẹ́nu tiwa níhìn-ín, páàkì ni ibi tí mọ́tò ń dúró sí, tí agbèrò ń pariwo, tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ta ló máa kọ́kọ́ rántí páàkì tó jẹ́ ibi igi àti koríko àti àga, níbi tí èèyàn ti lè jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bi í pé kí ló fẹ́ rà? Ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ nù lẹ́nu wa nítorí pé nǹkan náà ṣọ̀wọ́n lójú wa.

Ohun tó mú mi gbé bírò nìyẹn. Kò sí ìgbà tí ìbò ń bọ̀ tí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹwà ìlú. Ọ̀rọ̀ ẹwà ìlú kì í sì í pẹ́ kó tó di ọ̀rọ̀ ère. Wọn á palẹ̀ oríta kan mọ́, wọn á gbin koríko díẹ̀, wọn á gbé ère kan dúró, wọn á fi aṣọ bò ó. Ọ̀gá pátápátá á wá ṣí aṣọ, àwọn oníròyìn á ya fọ́tò, ó parí. Ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò mọ ìgbà tí wọ́n pinnu ẹ̀, kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, kò mọ iye tí wọ́n ná. Tó bá kan Ọ̀tà àti Sàngó, ṣé bẹ́ẹ̀ náà la máa dúró tí a máa pàtẹ́wọ́? Èmi ní rárá o!

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo fẹ́ páàkì, mo sì fẹ́ ère nínú ẹ̀. Àmọ́ mo ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ère kankan dúró ní ìlú yìí láìjẹ́ pé a ti bi àwọn ará ìlú, láìjẹ́ pé a ti fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú láyè, láìjẹ́ pé ìwé owó ẹ̀ wà ní gbangba. Ìlú tó mọ ère gbígbẹ́ kò gbọdọ̀ lọ ra ère bí ẹni ra ìkòkò lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn kan nínú wa rò pé ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ gbé èéfín jáde ni Ọ̀tà bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Kí irin tó dé, igi ló wà. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ó sì wà lára àwọn ìlú tí òkìkí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọn kàn jù nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àwọn àṣà àjogúnbá tó ta yọ láyé. Nígbà tó di 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé lórúkọ Nàìjíríà, Benin àti Togo. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà mọ ìdílé agbẹ́gilére Labintan ní Ọ̀tà, wọ́n mọ Kílánì Ọláníyan tó gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìlú kan náà. Ní 1983, Henry Drewal àti Margaret Drewal tẹ odindi ìwé kan jáde lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan. Ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n, àwa tí à ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣé ohun tó yẹ ká máa fi yangàn nìyẹn?

Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Mo fẹ́ kí ẹ ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ẹni tó bá fẹ́ gbé ère sí gbangba gbọ́dọ̀ kọ́.

Àkọ́kọ́, gbangba ni wọ́n ti ń jó o. Ọjà ni, ìta ni, níbi tí olówó àti tálákà, ọmọdé àti àgbà, ti lè rí i láìsanwó. Wọn kì í tì í mọ́nú ilé ẹnì kan. Ìyálàṣẹ wà níbẹ̀, Babalàṣẹ wà níbẹ̀, olúkúlùkù mọ ipò tó wà. Obìnrin ni wọ́n ń fi ijó náà júbà fún, àwọn ìyá wa. Ìlú ló ni ín.

Ìkejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í pọ́n ènìyàn burúkú lé. Lóru Ẹ̀fẹ̀, akọrin a máa sọ òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ lọ́sàn-án. Olè, alágàbàgebè, baálé tó ń jẹ owó ìlú, gbogbo wọn ló ń gbọ́ tiwọn. Igi tí wọ́n gbé lérí náà ń sọ̀rọ̀. Agbẹ́gilére a máa gbé ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà tiẹ̀ sórí ère: ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, obìnrin tó ń kiri ọjà, ejò tó ń gbé ẹranko mì. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé nǹkan àtijọ́ lásán ni, kò tíì wo ère kan rí.

Ìkẹta, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Tí ọdún bá ń bọ̀, wọ́n á gbé ère jáde, wọ́n á tún un kùn, àwọ̀ á tún mọ́lẹ̀ yòò. Kò sí pé a gbé e dúró, a yà fọ́tò, a gbàgbé.

Ẹ wá wo ojú títì wa lónìí. Láti Tóògéètì títí dé Sàngó, láti Sàngó dé Jóju títí wọ inú Ọ̀tà, kí lẹ ń rí tó ju ènìyàn lọ? Pátákó ìpolówó ni. Àwòrán ìgò ohun mímu, àwòrán búrẹ́dì, àwòrán pásítọ̀, àwòrán àfáà, àwòrán olóṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín sí wa nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Gbogbo àyè tó wà ni wọ́n ti tà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin wà níbí, ti ọṣẹ wà, ti ike wà, ti oúnjẹ wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jí láàárọ̀ kùtù lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ bọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú eruku lórí. Níbo ni wọ́n ti lè rí ara wọn ní ìlú yìí? Lórí pátákó wo ni obìnrin tó ń dá oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹnu géètì wà? Ta ló ti gbẹ́ ọmọkùnrin tó fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ? Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an nìyí. Ìlú tí kò bá ní àwòrán tirẹ̀, ẹni tó bá ní owó ni yóò ya àwòrán tirẹ̀ lé e lójú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àkọ́kọ́ ní, "Ère kì í ṣe oúnjẹ jàre. Ẹ tún títì ṣe ná. Ẹ fún wa níná, ẹ fún wa lómi." Ọ̀rẹ́, òótọ́ lo sọ, títì burú. Àmọ́ ìgbà wo ni wọ́n fi owó páàkì tún títì ṣe rí? Ọdún mélòó la ti wà láìní páàkì, ṣé títì wá dán nítorí ìyẹn? Owó tí kò bá lọ síbi iṣẹ́ ọnà kì í fúnra rẹ̀ rìn lọ síbi títì. Ẹni tó bá jẹ owó títì, òun náà ló máa jẹ owó ère, tí a ò bá ṣọ́ ọ. Nítorí náà ìṣọ́ ni ká máa jà fún.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ ọnà ń bọ́ ènìyàn. Ẹ wo Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá ayé lọ́dún 2005, ta ló kọ́ àwọn ère inú ẹ̀? Wọn á ní Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tó kú lọ́dún 2009. Òótọ́ ni, òun ni olórí iṣẹ́ náà. Àmọ́ ẹ béèrè orúkọ àwọn tó bá a ṣe é: Adébísí Àkànjí, Buraimoh Gbadamosi, Kàsálì Àkàngbé. Bíríkìlà ni Àkànjí kó tó di gbajúmọ̀! Símẹ́ǹtì tí gbogbo wa mọ̀ yìí náà ló fi ṣe iṣẹ́ ọnà. Ó tilẹ̀ ṣe ògiri ọlọ́nà fún ilé epo Esso kan ní Òṣogbo. Ẹ gbọ́ o, ilé epo! Ilé iṣẹ́ ńlá fún bíríkìlà ìlú níṣẹ́, ìlú jèrè, bíríkìlà jèrè. Bíríkìlà mélòó ló wà ní Sàngó? Wẹ́dà mélòó ló wà lójú ọ̀nà Ìdírókò? Ta ló ti bi wọ́n rí bóyá wọ́n lè ṣe ju géètì àti ìdènà ojú fèrèsé lọ?

Àwọn ìkejì ní, "Ère? Òrìṣà nìyẹn. A ò fẹ́ ìbọ̀rìṣà ní ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí pọ̀ tó báyìí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fi Ọlọ́run bo àìmọ̀kan mọ́lẹ̀. Ní Marina, l'Ékòó, iwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe lọ́dún 1964 ti dúró níbẹ̀ pẹ́. ECN ni wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ó di NEPA lẹ́yìn náà, ó tún di PHCN. Pásítọ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá, àfáà ti gba ibẹ̀ kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé ń jáde. Ta lẹ rí tó dọ̀bálẹ̀ fún un? Tí Ṣàngó yẹn bá jẹ́ òrìṣà tó ń gbọ́ ẹbẹ ni, ṣebí iná ìbá ti dúró ní Nàìjíríà!

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lọ́dún 1947, àwọn Fada Kátólíìkì ló dá ibi iṣẹ́ gbígbẹ́ igi sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Fada Kevin Carroll wà níbẹ̀, ó kó àwọn agbẹ́gilére Yorùbá jọ, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ sí i, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìran agbẹ́gilére. Mùsùlùmí ni Lámídì. Ó gbẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbẹ́ fún ọba, òun náà ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní yunifásítì Ifẹ̀. Ó kú lọ́dún 2009, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kì í ṣe Mùsùlùmí mọ́. Ẹ tún ka àwọn orúkọ tí mo dá lókè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: Lámídì, Buraimoh, Kàsálì, Kílánì. Ṣé orúkọ abọ̀rìṣà lẹ gbọ́ yẹn? Àwọn baba wọ̀nyí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti eékún tó ń kúnlẹ̀. Àwa tí a lọ sí yunifásítì ni kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n mo gbà fún wọn níbi kan. Ohun tó jẹ́ mímọ́ fún àwọn ìyá Ìyálàṣẹ, a ò gbọdọ̀ kàn jí i gbé lọ sí páàkì kí ọmọ ilé ìwé máa gùn ún ya fọ́tò. Tí a bá fẹ́ mú nǹkan nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín la ó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyẹn gan-an ni mo ń pè ní bíbi ìlú.

Àwọn ìkẹta ni mo bínú sí jù. Àwọn wọ̀nyí ò lòdì sí ère. Wọ́n fẹ́ràn ère! Ère ọ̀gá wọn ni wọ́n fẹ́ràn. Lójú wọn, iṣẹ́ ère ni èyí tó rọrùn jù láti fi jẹun, nítorí ta ló mọ iye tí orí idẹ ń jẹ́? Títì, ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ère, ẹ ó fi kí ni wọ̀n ọ́n?

Ẹ lọ wo Owerri. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, gómìnà Imo nígbà náà, Rochas Okorocha, ṣí ère gàgàrà Jacob Zuma, tó jẹ́ ààrẹ South Africa. Kí ló pa Zuma àti Owerri pọ̀? Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn, ní February 2018, ariwo ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ lé Zuma kúrò lórí oyè. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ó tàpá sí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí a bá ń gbẹ́ ère ẹni tó wà láàyè, tó wà lórí oyè. Ìtàn rẹ̀ kò tíì parí, ẹ ti fi idẹ dè é mọ́lẹ̀.

Ẹ lọ sí Dakar. Ní 2010, ààrẹ Abdoulaye Wade ṣí ère kan tó ga ní mítà 49. Ilé iṣẹ́ North Korea ló kọ́ ọ. Owó tí wọ́n dárúkọ lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là. Wade tún ní òun lòun ronú ère náà, torí náà kí wọ́n máa fún òun ní ìdá 35 nínú 100 owó tó bá ń wọlé níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ! Ère ìlú di ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá.

Ká má tilẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ gba Ìdírókò, ẹ sọdá bọ́dà, ẹ dé Cotonou. Ní July 2022, ààrẹ Patrice Talon ṣí ère obìnrin ajagun Dahomey tó ga ní mítà 30. Ère náà rẹwà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìtàn ilẹ̀ wọn ló sì fi sọ, ìyẹn dára. Àmọ́ ta ló gbẹ́ ẹ? Li Xiangqun, ará China. Ní orílẹ̀-èdè tí Kétu wà nínú ẹ̀, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú ẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ idẹ Àbọ̀mé wà nínú ẹ̀! Ọwọ́ tó yẹ kó kọ́ nǹkan ńlá nílé kò rí i kọ́. Tí ère tó tẹ̀ lé e bá tún dé, China náà ni wọ́n á tún lọ.

Èkó náà ńkọ́? Lọ́dún 2017 tí wọ́n ń ṣe ọdún 50 ìpínlẹ̀ wọn, ère rọ̀ bí òjò. Wọ́n gbé ère Awólọ́wọ̀ tí Hamza Atta ṣe sí Ìkẹjà. Inú àwọn ènìyàn ò dùn sí bàtà olókùn tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá lábẹ́ agbádá; wọ́n ní ta ló ti rí Awó nínú bàtà bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ṣí ère Fẹlá tí Abolore Sobayo ṣe ní Allen, Ìkẹjà. Kò lórí, kò lọ́wọ́. Aṣọ àti bàtà Fẹlá nìkan ló dúró. Àwọn kan ní ó dára, àwọn kan ní àbùkù ni. Lójú tèmi, ère Fẹlá yẹn ní láákàyè, ó ń mú èèyàn ronú. Àríyànjiyàn náà kò burú. Ohun tó burú ni pé ẹ̀yìn tí ère ti dúró ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n ti gbé ère kékeré àpẹẹrẹ síta fún oṣù kan kí wọ́n tó ṣe ńlá, ẹnì kan ìbá ti sọ̀rọ̀ bàtà Awó kí símẹ́ǹtì tó gbẹ. Àwọn tó bá Awó jẹun ṣì wà láyé nígbà yẹn, kí ló dé tí wọn ò bi wọ́n?

Ó dáa, ẹ ó ní, "Ìwọ náà, kí lo wá fẹ́ ká ṣe?" Ẹ gbọ́ tèmi.

Owó ni àkọ́kọ́. Kò yẹ kó jẹ́ orí ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà nìkan ni gbogbo ẹrù á wà. Ilé iṣẹ́ ló gba ilẹ̀ wa, ilé iṣẹ́ ló ń fọn èéfín sí wa nímú. Ní ìlú Philadelphia, láti 1959 ni òfin ti wà pé kí ìdá kan nínú 100 owó ilé kíkọ́ máa lọ síbi iṣẹ́ ọnà. Ilẹ̀ Faransé ti ní irú ẹ̀ láti 1951. Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni: Senegal ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 1968, láyé Senghor, pé kí ìdá kan nínú 100 owó ilé ìjọba lọ fún iṣẹ́ ọnà ara ilé. Kí ló dé tí ìpínlẹ̀ Ògùn ò lè ní kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ gbàgede tuntun ní Ọ̀tà tàbí Agbára dá ìdá kan péré? Kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa kí oníṣòwò fi nǹkan tọrẹ fún ìlú. Omi tó ń tú jáde ní Tinubu Square l'Ékòó, àwọn ará Lebanon tó ń ṣòwò níbẹ̀ ló fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ lọ́dún 1960 nígbà òmìnira. Wọn ò gbé ìgò ọjà wọn kalẹ̀ sáàárín ẹ̀. Nítorí náà ilé iṣẹ́ tó bá dáwó, ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ ẹ̀ sí pátákó kékeré nísàlẹ̀, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ tó bá ní ìgò òun tàbí páálí òun la máa fi ṣe ère, ká ní kó máa gbé owó ẹ̀ lọ. Ìpolówó nìyẹn, kó lọ sanwó pátákó.

Ìkejì ni àwọn tó máa yàn. Kí ìgbìmọ̀ wà, kí orúkọ wọn wà lára ògiri káńsù fún gbogbo ayé láti rí. Kí agbẹ́gilére wà nínú ẹ̀, kí ìyálọ́jà wà nínú ẹ̀, kí ẹgbẹ́ awakọ̀ wà, kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wà, kí ẹlẹ́sìn wà, kí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà wà. Ẹni tó bá ń díje fún ipò kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Wọ́n á kéde iṣẹ́ náà lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí wẹ́dà tí kò ka ìwé púpọ̀ náà lè gbọ́ lórí rédíò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á mú èrò wá. Wọ́n á mú mẹ́ta, wọ́n á sanwó fún àwọn mẹ́ta náà láti ṣe ère kékeré àpẹẹrẹ. Wọ́n á gbé wọn kalẹ̀ lọ́jà Ọ̀tà àti lábẹ́ bíríjì Sàngó kí gbogbo ayé wò ó, kí wọ́n bú u, kí wọ́n yìn ín.

Ìkẹta ni ìwé àdéhùn. Kí wọ́n sanwó ní ìpele-ìpele: díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tí irin inú bá dúró, ìyókù tó bá parí. Kí iye gbogbo ẹ̀ wà ní gbangba. Kí owó ìtọ́jú wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, nítorí òjò àti oòrùn ilẹ̀ yìí kì í ṣeré. Fáíbà tí wọ́n kùn bí idẹ á bó nínú oòrùn. Símẹ́ǹtì tí kò bo irin inú ẹ̀ dáadáa á mu omi, irin á dógùn-ún, ara ère á là. Àwọn tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ èyí ṣáájú wa: ẹni tó ní ère ló ń tún un kùn.

Ìkẹrin ni ohun tí a máa gbẹ́. Mi ò fẹ́ pàṣẹ fún ìgbìmọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n lá àlá tèmi. Irin àlòkù pọ̀ ní Ọ̀tà bí iyanrìn. Olú Amọ́dá tó kọ́ni ní Yaba Tech ti fi hàn wá látọjọ́ pípẹ́ pé ìṣó, ṣéènì àti irin tí wọ́n dànù lè di ohun tí ayé ń wò. Ẹ jẹ́ ká ní orí ńlá kan, orí obìnrin, tí wẹ́dà Sàngó jó pọ̀ láti inú irin tí ilé iṣẹ́ dànù, kí agbẹ́gilére Ọ̀tà sì ṣe atọ́nà rẹ̀. Lórí gèlè obìnrin yẹn, kí a gbé ayé wa sí, bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe: dánfó tó kún àkúnfàya, òṣìṣẹ́ tó gbé fìlà irin lérí, ìyá olóúnjẹ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó sùn lé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni o, kí ejò kan náà wà níbẹ̀ tó ń gbé owó mì. Ẹ̀fẹ̀ ò gbọdọ̀ kú. Kò sí ojú olóṣèlú kankan níbẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí ilé ẹjọ́ á wá mú lọ́la tí ojú á tì wá.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹgbẹ́ wa yìí ń kọ ewì, ó ń kọ ìtàn, ó ń ṣe fotokópì ìwé tí owó rẹ̀ ń ti àpò wa jáde. Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu wa ṣe nǹkan míì. Mo ní kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí káńsù kí ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí tó parí, kí á béèrè nǹkan méjì péré: ibo ni ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún páàkì nínú ìwé ètò ìlú, àti pé tí wọ́n bá fẹ́ gbé ère sí ibikíbi, ta ló máa yàn án? Tí wọn ò bá dá wa lóhùn, kí á tẹ lẹ́tà náà síwájú ìwé wa tó ń bọ̀, kí á fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ ní òfìfo. Kí ẹni tó bá lè yàwòrán nínú yín bẹ̀rẹ̀ sí yà. Kí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin wá bí òfin ìdá kan nínú 100 ṣe lè rí. Kí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀tà lọ jókòó ti bàbá tó mọ ìtàn agbo ilé agbẹ́gilére, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bọ́.

Wọ́n máa sọ fún wa pé ọmọdé ni wá, pé kí a lọ kàwé. Ẹ dá wọn lóhùn pé ìwé la kà tó fi dé ibí. Ẹ bi wọ́n pé tí ère bá dúró ní ìlú, ọdún mélòó ló máa fi dúró? Bóyá 50, bóyá 100. Àwọn tó fọwọ́ sí i á ti lọ. Àwa àti ọmọ wa la máa wà lábẹ́ ẹ̀, tí a ó máa dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹni tó máa fi ọgọ́rùn-ún ọdún wo nǹkan ló yẹ kí wọ́n bi kí wọ́n tó gbé e dúró.

Ó dìgbà kan ná. Ẹni tí inú bá bí sí ọ̀rọ̀ mi, kó kọ èsì wá. Ojú ewé ń bẹ.